Kòtò Kẹta Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kìíní 2025

Ilé ìwé àwọn Júù tí mo ń tọ́jú wọlé lónìí. Omi dì sórí ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ilé ìdáná. Mo ti da iyọ̀ sójú ọ̀nà kí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ Ilford tó dé. Ẹnikẹ́ni ò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò sì dúpẹ́.

Ní agogo mẹ́wàá, Mìsísì Zeldin, ọ̀gá ilé ìwé wa, pè mí sí ọ́fíìsì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu tíì fún mi. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dáa. Ó ní bí a bá ti ṣíwọ́ fún Àjọ Ìrékọjá wọn lóṣù kẹrin, kí n máa sinmi nílé, pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin kò yẹ lẹ́ni tó ń gun àkàbà. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ni yóò máa rán àwọn ènìyàn wá tọ́jú ilé ìwé. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n mi nìyí níbẹ̀. Mo mu tíì náà tán nítorí pé mo kọ̀ láti fi í sílẹ̀ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Golding náà wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ méjì ni nílé ìwé náà, òun ni wọ́n ní kó kọ ìtàn ilé ìwé nítorí pé ilé ìwé náà pé ọdún márùndínlógójì lọ́dún yìí. Ó fún mi ní ìwé aláwọ̀ búlúù kan, ó ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rántí sínú rẹ̀. Mo gbà á bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ ọ́.

Moṣọpẹ́ ọmọ mi ló ń kọ èyí. Tíṣà Yorùbá ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó wá máa tọ́jú aláìsàn níbí ní ìlú òyìnbó. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti sọ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe. Kì í ṣe ti Golding, tèmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kìíní

Òtútù. Páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ kékeré bẹ́. Mo dì í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kìíní

Golding wá bá mi nínú yàrá ẹ̀rọ amúlégbóná, ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba ohùn mi. Ó ní kí n sọ bí ilé ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan lẹ́yìn sínágọ́gù tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Àwọn Júù ti ń kó kúrò ládùúgbò yìí nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ilé ìwé kò lè dúró. Mìsísì Pinsker, akọ̀wé àkọ́kọ́, ló ń kan ilẹ̀kùn láti Becontree dé Barking, tó ń bẹ àwọn ìyá tó kù pé kí wọ́n fún òun lọ́mọ kan ṣoṣo péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ilé ìfọṣọ àtijọ́ tó wà nítòsí òpópónà Alibon. Ìgbà yẹn ni mo dé. Òórùn ọṣẹ ṣì wà lára ògiri. Èmi ni mo fọ́ kọnkéré ẹ̀yìn ilé ìdáná títí mo fi kan ilẹ̀, nítorí pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí, n kò fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ kò ti lè mí. Nígbà tó yá, àwọn tí ilé Ilford wọ́n jù fún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Yàrá kan, yàrá kejì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lónìí wọ́n jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, wọ́n sì tún fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́jọ sí i.

Inú Golding dùn. Ó wá bi mí bóyá mo rántí rẹ́jísítà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mọ́kànlá náà sí. Ó ní àwọn kan sọ fún òun pé ìwé ńlá ni, èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ó ní bí òun bá rí i, ìwé náà ni yóò jẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìtàn òun.

Mo ní mo fẹ́ lọ wo páìpù.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kìíní

Wọ́n lẹ àwòrán ilé tuntun mọ́ ògiri. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó lẹ̀ ẹ́ pé apá ibo nìyí, ó fi ìka hàn mí. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni. Gbogbo rẹ̀. Kàtàkàtà ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi.

Kí n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, nítorí Moṣọpẹ́ náà kò mọ̀. Àwọn Júù kì í sọ ìwé tí orúkọ Ọlọ́run bá wà nínú rẹ̀ nù. Bó bá gbó, bó bá ya, wọ́n á sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ènìyàn. Rábì Kessler, tó dá ilé ìwé sílẹ̀, gbé àpótí kan sábẹ́ àtẹ̀gùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ju ìwé mímọ́ tó ti gbó sí. Kí ọdún wọn tó yí, èmi yóò kó wọn sínú àpò ọ̀rá, ìlọ́po méjì, n ó dì í bí bàbá mi ṣe ń di obì tó ń lọ sọ́nà jíjìn, n ó gbẹ́ kòtò tó jìn dé igbáàyà mi. Rábì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á kàwé díẹ̀, á bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i. Kòtò méje ló wà níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n ń kó àwọn ìwé náà lọ sí ibi ìsìnkú àwọn Júù. Rábì kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní orí mi tó ìwé. Mo fi ìṣísẹ̀ wọn gbogbo wọn, bí bàbá mi ṣe ń wọn àlàfo igi kòkó. Orí kòtò kẹta ni mo gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ tí Rábì fún mi sí. Mìsísì Zeldin gé igi náà lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó tẹ́ rọ́bà sí i kí àwọn ọmọ lè máa ṣeré.

Ọdún kẹsàn-án nìyí tí Rábì ti kú. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n wà.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kìíní

Mo lọ sọ fún Mìsísì Zeldin nípa kòtò náà. Ó wo inú fáìlì, ó wo inú kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan. Ó tẹ Golding láago. Golding ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, bẹ́ẹ̀ ó ti bá ènìyàn ogójì sọ̀rọ̀. Wọ́n rọra ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tan kó wálẹ̀ lórí igi. Mìsísì Zeldin ní òun mọ̀ pé ó dùn mí láti fi ibí sílẹ̀. Ó ní dídá iṣẹ́ dúró ọjọ́ kan kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rí.

Ó rò pé mo fẹ́ fi ìwé mímọ́ wọn dá kàtàkàtà dúró nítorí iṣẹ́ mi. Mo dìde. Tiwọn ni ìwé, tiwọn ni Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀. Kí kàtàkàtà fà wọ́n ya.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kìíní

Òjò. Ata rodo ti di góòlù ní ọjà Barking. A pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lórí ilẹ̀ tútù.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo bọ́ sílẹ̀ lọ bá Alàájì Kàsímù, aládùúgbò mi ní Thames View, tó ti wa bọ́ọ̀sì fún ogún ọdún. Mo sọ ọ̀rọ̀ kòtò fún un. Ó ní àwọn náà máa ń sin Kùránì tó bá gbó, pé ọ̀rọ̀ tó mú ọpọlọ dání ni.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣọpẹ́, o ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ tí o bá èmi jà fún oṣù mẹ́ta nítorí ibi tí mò ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Báwo lo ṣe yára gbà báyìí?”

Mo ní ó ti rẹ̀ mí.

Ó ní, “Irọ́ lò ń pa. Ohun kan wà nínú kòtò yẹn tí o kò fẹ́ kí wọ́n rí.”

Mo gun òkè padà láìjẹ mọ́ín-mọ́ín rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kìíní

Golding ti kọ apá kan ìtàn náà, ó kà á sí mi létí. Ó dáa. Ilé ìfọṣọ wà níbẹ̀, òrùlé tó ń jò wà níbẹ̀. Ó wá ka èyí: pé ní ọdún 1997, rẹ́jísítà àkọ́kọ́ sọnù nítorí àìkíyèsára akọ̀wé, Mìsísì B. Pinsker, èyí tó mú kí ìjọba fi ọdún méjì gbáko kọ̀ láti fọwọ́ sí ilé ìwé náà, wọ́n sì yọ akọ̀wé náà níṣẹ́.

Ó bi mí bóyá ó tọ̀nà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Mo bi í bóyá ìyá náà ṣì wà láyé. Ó ní ó wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ilford, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó sì kọ̀ láti rí òun.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kejì

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Moṣọpẹ́, kọ gbogbo rẹ̀, má fò kankan.

Bàbá mi bí ọkùnrin mẹ́rin. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi mẹ́ta ránṣẹ́, ó sì mú èmi lọ sóko nítorí pé apá mi le jù. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi di tíṣà, wọ́n di akọ̀wé. Èmi di ẹni tó ń kọbè. Mo bínú sí i títí ó fi kú, mo ṣì ń bínú.

Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ilé ìwé yìí. Ó kọ ọ́ pé mo ka ìwé mẹ́fà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbàgbé awò ojú mi sílé. Kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Bí wọ́n bá fún mi ní ìwé, n ó ní kí ẹni tó fún mi bá mi kà á, pé lẹ́tà rẹ̀ kéré.

Lọ́dún 1997, wọ́n ń kun ọ́fíìsì. Mìsísì Pinsker kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn. Èmi mọ lẹ́tà Hébérù lójú, ó rí gígún bí èékánná ẹyẹ, kò jọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohunkóhun tó bá ní i lára, ìwé mímọ́ ni mo kà á sí. Rábì sì ti fi Hébérù kọ nǹkan sára rẹ́jísítà aláwọ̀ ewé náà. Mo rí i nílẹ̀, mo ní àwọn aláìbìkítà yìí, wọ́n ju ìwé Ọlọ́run sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo nù ún. Mo fi sínú àpò. Mo sin ín dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn olùbẹ̀wò ìjọba dé, wọ́n ní kí wọ́n mú rẹ́jísítà wá. Wọn kò rí i. Mìsísì Pinsker ní inú àpò mi ló máa wà, pé kí wọ́n hú u. Rábì pè mí síwájú ìgbìmọ̀. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n sin ìwé mímọ́ sí kì í ṣe ibi tí a kàn ń hú lásán. Ó ní, “Oyèbánjí, ṣé o wo ohun tí o kó sínú àpò?”

Mo ní, “Mo ka èèpo kọ̀ọ̀kan kí n tó kó o. Kò sí níbẹ̀.”

Mìsísì Pinsker dìde. Ó ní, “Ọkùnrin yìí kò mọ̀wé kà. Mo ti mọ̀ láti ọdún kìíní tó dé.”

Mo wo ilẹ̀. Rábì pupa lójú. Ó ní nínú ẹ̀sìn wọn, ẹni tó bá dójú ti ọmọnìkejì rẹ̀ láwùjọ, bí ẹni pé ó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó ní kí Mìsísì Pinsker tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó kọ̀. Ó ní òótọ́ ni òun sọ. Nítorí rẹ́jísítà ni wọ́n ṣe sọ pé wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n nítorí èmi ni. Rábì wá bá mi nínú yàrá ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀ mí kí n má bínú.

Mo ní n kò bínú.

Moṣọpẹ́ ti gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó gbé e. Ó ní, “Bàámi, ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀yin lẹ sin ín?”

Lọ́jọ́ náà n kò mọ̀. Mo mọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń júwe àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílẹ̀ nígbà náà, mo sì ní ọ̀la ni n ó sọ ọ́. Kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì

Moṣọpẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó kàn ń kọ ohun tí mo bá sọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Mo kan ilẹ̀kùn Mìsísì Zeldin ní agogo mẹ́jọ. Mo ní kó pe Golding. Nígbà tó dé, mo ní rẹ́jísítà tó ń wá wà nínú kòtò kẹta, lábẹ́ gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n gé. Mo sọ bó ṣe dé ibẹ̀. Mo sọ irọ́ tí mo pa.

Kò tètè yé Golding. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Mísítà Bánjí, mo fún yín ní ìwé láti máa kọ.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Ẹ gbà á.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà á.

Mìsísì Zeldin kò bu tíì. Ó bi mí ìdí tí n kò fi sọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Mo ní nítorí pé nígbà yẹn mo rò pé wọ́n á gbà mí gbọ́ nípa ìwé mímọ́ wọn láìjẹ́ pé mo tú ara mi síhòòhò. Ó wo tábìlì rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé inú mi kò fúyẹ́ rárá. Wọ́n máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó máa ń fúyẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Rábì kan wá láti Ilford, ọmọ kékeré tó ní irùngbọ̀n pupa. Ó ní kí wọ́n hú u, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí wọ́n fi hú u, kí wọ́n sì tún àwọn ìwé mímọ́ náà sin níbi ìsìnkú wọn. Rẹ́jísítà kì í ṣe ìwé mímọ́, wọ́n lè mú un.

Sylvanus ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ kàtàkàtà. Ọmọ Ẹdó ni, Mushin ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni òun lè fún wọn. Bó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ á wọlé, ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Ọjọ́ ọdún àwọn igi nínú ẹ̀sìn wọn. Wọ́n ti fi irin yí ẹ̀yìn ilé ìdáná ká, torí náà inú ike yógọ́ọ̀tì ni àwọn ọmọ gbin nǹkan sí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kejì

Oòrùn yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbóná. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀: èmi, Golding, Rábì Ilford, Sylvanus àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n ti ká rọ́bà náà kúrò.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún síwájú, mẹ́rin sápá ògiri. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí tó fi jìn dé àyà wọn. Iyẹ̀pẹ̀ lásán. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sósì. Kò sí gbòǹgbò, kò sí ọ̀rá. Ó di agogo kan. Golding ń wo aago, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Mo mọ ohun tó ń rò. Ọkùnrin yìí ti parọ́ rí.

Mo jókòó sórí bíríkì. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo wá rántí pé láti ẹ̀rọ omi dé òpó géètì, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni láyé ọjọ́un. Ẹ̀rọ omi kò kúrò níbi tó wà, òpó géètì kò kúrò. Mo dìde, mo rìn ín. Ìṣísẹ̀ méjìdínlógójì. Ilẹ̀ kò yí padà. Ẹsẹ̀ mi ló ti kúrú.

Mo ní, “Sylvanus, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

Ó ní, “Mẹ́rìndínláàádọ́ta, Papa.”

Gíga wa dọ́gba. Mo ní kó rìn láti ẹ̀rọ omi dé géètì bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọgbọ̀n péré. Mo ní kó padà wá, kó rìn mọ́kànlélógún síwájú àti mẹ́rin sápá ògiri fún mi. Ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní, “Papa, ẹ ti wá fi mí ṣe ẹsẹ̀.” Ibi tó dúró sí fi nǹkan bí ìgùn ọkùnrin méjì kọjá ibi tí a ti gbẹ́.

Kò tíì tó ìgbọ̀nwọ́ kan nílẹ̀ tí ṣọ́bìrì fi kan gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́. Mo ní kí wọ́n dúró, mo sọ̀kalẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ mi yọ èyí tó kù. Ìdì bàbá mi ṣì wà lẹ́nu àpò náà. Kò tú.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti lu ọ̀rá náà. Omi ti wọlé. Golding gbé rẹ́jísítà lé orí aṣọ funfun, ó ṣí i. Inú rẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ló dá dúró, ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ó ka orúkọ méje. Mẹ́rin ti lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin. Èmi kò sunkún. Èmi ni mo gbin igi tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì

Títí di òru àná ni wọ́n fi ẹsẹ̀ Sylvanus wá kòtò mẹ́fà tó kù, Rábì Ilford sì kó gbogbo ìwé mímọ́ náà lọ. Kàtàkàtà wọlé ní agogo méje. Mo ṣí géètì fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kejì

Golding ránṣẹ́ sí Mìsísì Pinsker pé wọ́n ti rí rẹ́jísítà. Ìyá náà ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n sì mú ẹni tó sin ín wá. Moṣọpẹ́ bá mi lọ.

Ó jókòó létí fèrèsé, ó ti kéré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì kéré. Kò ní kí n jókòó. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, n kò jẹ́ kí Golding bá mi sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Mo sọ fún wọn pé o kò mọ̀wé.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Wọ́n ní mo dójú tì ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi ni mo kan àwọn ilẹ̀kùn yẹn. Bàtà méjì ló gbó mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kessler kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Nínú sínágọ́gù, àwọn obìnrin ń sún fún mi bí ẹni tó ní àrùn. Ṣé o mọ̀?”

Mo ní mo mọ̀. Mo máa ń rí i níta lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí mo bá ń lọ ra nǹkan. Mo máa ń gba òdìkejì ọ̀nà.

Ó bi wá pé orúkọ mélòó ló kù. Golding ní méje, ó kà wọ́n fún un. Ó di ojú. Ó ní, “Ó ku Naomi Fisch. Saul Brodie. Àwọn ìbejì Karmel, Esther àti Leah. Leah kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́.” Golding ń kọ. Moṣọpẹ́ náà ń kọ.

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, “Ìwọ tí o kò lè kọ ọ́. Tún wọn sọ.”

Mo tún wọn sọ bó ṣe tò wọ́n. Naomi Fisch. Saul Brodie. Esther Karmel. Leah Karmel.

Ó ní, “Ó dáa. Má wá síbí mọ́.”

Moṣọpẹ́ fẹ́ sọ nǹkan, mo fa apá rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ìjà lónìí. Golding ti tún ìtàn náà kọ. Ó kà á sí mi: rẹ́jísítà sọnù nígbà tí wọ́n ń kun ọ́fíìsì, wọ́n sì rí i ní ọdún 2025. Mo ní ta ló sọ ọ́ nù? Ó ní kò pọn dandan. Mìsísì Zeldin ní mo ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, kí ni àǹfààní rẹ̀ ká máa dójú ti àgbàlagbà nínú ìwé tí àwọn ọmọ yóò máa kà? Ó ní ẹ̀sìn àwọn kò fàyè gbà á.

Mo ní, “Ohun tí Rábì Kessler sọ náà nìyẹn. Òun ló sì lé Mìsísì Pinsker lọ sílé.”

Ó ní ìyẹn yàtọ̀.

Mo ní kò yàtọ̀. Mo ní bí wọn kò bá kọ orúkọ mi àti ohun tí mo ṣe, ẹnikẹ́ni tó bá kà á yóò ṣì máa wo ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Mo ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, òtútù sì wà níta, n kò ní tan ẹ̀rọ amúlégbóná títí wọ́n fi kọ ọ́. Golding rẹ́rìn-ín. Mìsísì Zeldin kò rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Àjọ̀dún tí àwọn ọmọ fi ń wọ aṣọ àwòṣeré. Ọba pọ̀, ayaba pọ̀, kìnnìún wà. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì kejì wọ ẹ̀wù búlúù tó gùn dé ilẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ ike mọ́dìí, ó ń fa ẹsẹ̀, ó ń bá gbogbo ènìyàn wí pé kí wọ́n má fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Wọ́n ní èmi ni. Mo wo bó ṣe ń rìn. Ó mọ ìṣísẹ̀ mi dáadáa, kúkúrú ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

Ó parí. Ọ̀sẹ̀ yìí la fi wá èérún búrẹ́dì ní gbogbo yàrá fún Ìrékọjá wọn, tí búrẹ́dì kò gbọdọ̀ sí nílé nígbà rẹ̀. Mo sún dùùrù kúrò lára ògiri, mo gbá ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó kò ní dé láé. Mo kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mọ́kànlélógójì. Wọ́n fún mi ní aago ọwọ́. Alàájì Kàsímù ní kí n máa fi í wo ìgbà tí n kò ní ibi kankan láti lọ.

Ìwé ìtàn ilé ìwé ti jáde. Moṣọpẹ́ kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ewé rẹ́jísítà tó jẹrà ló wà níwájú, orúkọ mọ́kànlá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí mo tú jáde lábẹ́ kọnkéré kò sí níbẹ̀, iyọ̀ kò sí níbẹ̀, kòtò méje kò sí níbẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ mi jáde. Ó ní: Ní ọdún 1997, olùtọ́jú ilé ìwé, Adétúnbọ̀ Oyèbánjí, tí kò mọ̀wé kà, sin rẹ́jísítà mọ́ àwọn ìwé mímọ́, ó sì purọ́ pé òun ti kà á, Mìsísì Blumah Pinsker sọ òtítọ́, a kò gbà á gbọ́.

Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ilford. Kò tíì sí èsì.

Mo ní kí Moṣọpẹ́ fi ìka mi lé ibi tí orúkọ mi wà. Ó gùn. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá ní kó fi ìka mi lé ibi tí orúkọ ìyá náà wà. Kò jìnnà, ó wà nísàlẹ̀ tèmi gan-an. Mo ti mọ bí orúkọ náà ṣe rí báyìí. Mo lè dá a mọ̀ bí mo bá tún pàdé rẹ̀.